Ta Ni Kèfèrí? Ìrìn-àjò Ọ̀rọ̀ Èébú Kan Láti Ẹnu Lárúbáwá Dé Orí Àga Ìwàásù Wa

Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọ kékeré kan láti bójú tó ní Ìkòròdú, ó jẹ́ àṣà wa láti jí lọ sí oríta ní agogo márùn-ún ìdájí pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́, kí a lè wàásù fún àwọn tó ń lọ wọ ọkọ̀. Ní ọdún kan, ó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí ìlú ń múra ọdún Orò, tí wọ́n ti kéde ọjọ́ tí obìnrin kò gbọdọ̀ jáde. Inú bí wa. Ìwàásù òwúrọ̀ ọjọ́ náà gbóná, a sì pe àwọn tó ń ṣe ọdún náà ní kèfèrí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ ìjọ tó tẹ̀lé wa ń ké "Halelúyà" sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá àgbà kan kan ilẹ̀kùn wa. Bàbá ọ̀kan nínú àwọn akọrin ìjọ wa ni, oníṣẹ̀ṣe ni, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ ọ́n. A dọ̀bálẹ̀ kí i, a fún un ní àga. Ó ní, "Pásítọ̀, ọmọ mi ni ọ́ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ, ìdí nìyẹn tí n kò fi dá ọ lóhùn ní gbangba. Ọ̀rọ̀ tí o pè wá láàárọ̀ yẹn, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" A ní, "Bàbá, ẹni tí kò mọ Ọlọ́run ni, sà." Ó mi orí. Ó ní, "Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn ọmọ ilé kéú ló máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ bí mo bá ń kọjá. Wọ́n ń pe àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì náà bẹ́ẹ̀. Ta ló wá gbé e fún yín?"

A kò rí èsì fọ̀. Bàbá mu omi tí a bù fún un, ó dìde, ó lọ. Ọmọ rẹ̀ kò wá sí ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, kò sì padà wá mọ́.

Ìbéèrè bàbá yìí wà lọ́kàn wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìbéèrè ìtàn ni, ó sì jẹ́ ìbéèrè nípa ìtumọ̀ Bíbélì. A kọ àpilẹ̀kọ yìí nítorí pé lọ́dọọdún ni a ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìwàásù ìdánwò níwájú wa, tí wọ́n ń sọ ọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ òkúta, láìmọ ibi tí òkúta náà ti wá tàbí ẹni tó kọ́kọ́ bà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti gbòǹgbò. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni kèfèrí. "Kāfir" ni wọ́n ń pè é, láti inú kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta, k-f-r, tí ìtumọ̀ wọn jẹ́ kí a bo nǹkan mọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tó gbin irúgbìn tó sì fi erùpẹ̀ bò ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kódà nínú Kùránì, Súrà 57, ẹsẹ 20, ọ̀pọ̀ olùtumọ̀ gbà pé àgbẹ̀ ni "kuffār" tó wà níbẹ̀, àwọn tí inú wọn ń dùn nígbà tí òjò mú ohun ọ̀gbìn wọn hù. Láti orí bíbo irúgbìn ni ìtumọ̀ náà ti rìn dé orí bíbo oore: ẹni tí a ṣe lóore tó sì bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni pé a kò ṣe nǹkan kan fún un, aláìmoore ni. Aláìmoore sí Ọlọ́run ni kāfir ní ìpìlẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni ó wá di orúkọ fún ẹni tó bo òtítọ́ mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà fún ẹnikẹ́ni tí kò sí nínú ẹ̀sìn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ èdè Hébérù yóò ti máa wo ara wọn lójú. Èdè Lárúbáwá àti Hébérù jẹ́ ìbátan, k-p-r ti Hébérù sì ni ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò k-f-r yìí. Inú rẹ̀ ni "kippēr" ti wá, ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa ètùtù nínú Lefitíkù 16, àti Yom Kippur, Ọjọ́ Ètùtù. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ti sọ pé bíbo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀, àwọn mìíràn sọ pé nínu nù ni. Bó ti wù kó rí, láti inú gbòǹgbò kan náà ni orúkọ ẹni tí a lé sẹ́yìn àti orúkọ ohun tó ń mú ẹlẹ́ṣẹ̀ padà bọ̀ sílé ti jáde. Ẹ sì tún kíyè sí ọ̀rọ̀ tí Bíbélì Yorùbá fi tú u. Ètùtù! Ọ̀dọ̀ àwọn babaláwo àti àwọn abọ̀rìṣà ni a ti mú un, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tu àwọn àgbà nínú, tí wọ́n ń tu ilẹ̀ lójú. Kò sí ẹni nínú wa tó lè wàásù lórí àgbélébùú ní èdè Yorùbá láìyá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí à ń pè ní kèfèrí.

Báwo ni kāfir ṣe dé ilẹ̀ wa? Ọ̀nà tí àlùfáà, wòlíì, àdúrà, ìwàásù àti àlùbáríkà gbà wá náà ló gbà. Àwọn oníṣòwò àti àwọn ààfáà láti òkè ọya ló gbé wọn wá, ọ̀pọ̀ wọn sì ti gba inú èdè Hausa kọjá, níbi tí wọ́n ti ń pe kāfir ní "kafiri". Kí Kristẹni kan tó tẹ ilẹ̀ Yorùbá, àwọn baba ńlá wa ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn gan-an ni wọ́n sì ń fi í pè.

Ohun tó burú ni pé kì í ṣe èébú lásán. Ní 1615, onímọ̀ ńlá kan ní Timbuktu, Ahmad Baba, dáhùn ìbéèrè tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Tuwat nínú aṣálẹ̀ Sàhárà: àwọn wo nínú àwọn ènìyàn dúdú ni ó tọ́ láti rà ní ẹrú? Ahmad Baba fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìgbèkùn rí, nítorí àwọn ọmọ ogun Morocco ti gbé e lọ sí Marrakesh. Ó kọ̀ jálẹ̀ pé àwọ̀ ara kọ́ ló ń sọ ènìyàn di ẹrú. Ó ní àìgbàgbọ́ ni. Ẹni tó bá jẹ́ Mùsùlùmí, kí a má ṣe tà á. Ẹni tó bá jẹ́ kāfir, wọ́n lè mú un. Ó wá ka àwọn ẹ̀yà tí ó mọ̀ sí kāfir lẹ́sẹẹsẹ, orúkọ Yorùbá sì wà nínú wọn. Èyí wà lára àwọn àkọsílẹ̀ tó lọ́jọ́ lórí jù lọ tí a ti rí orúkọ wa. Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Níbi tí orúkọ Yorùbá ti fara hàn nínú ìwé láyé àtijọ́, inú àkójọ orúkọ àwọn kèfèrí ló wà, ohun tí àkójọ náà sì wà fún ni láti mọ ẹni tí a lè tà.

Igba ọdún àti díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní 1821, wọ́n kó ìlú Òṣoogùn. Ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí wà lára àwọn tí wọ́n so lókùn lọ. Nínú ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ nígbà tó dàgbà, ó sọ pé àwọn Ìmàle Ọ̀yọ́ àti àwọn Fúlàní wà nínú ogun náà. Wọ́n tà á láti ọwọ́ kan sí òmíràn títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Sàró. Gbogbo wa ni a mọ ìyókù: Samuel Àjàyí Crowther, àlùfáà ní 1843, bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún Ìwé Róòmù jáde ní 1850, odindi Bíbélì Yorùbá tí òun àti àwọn mìíràn ṣe sì parí ní 1884.

Crowther kò kórìíra ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu Mùsùlùmí wá. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ará ọjà bá gbọ́ ni Bíbélì gbọ́dọ̀ máa sọ, bí ará ọjà bá sì ti ń pe ẹni tó ń ṣáájú nínú ẹ̀sìn ní àlùfáà, àlùfáà náà ni Áárónì yóò jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kèfèrí ṣe wọ inú Májẹ̀mú Tuntun. Ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú láyé tí ọ̀rọ̀ yìí ń ya ẹni tí a lè tà sọ́tọ̀ ni ó wà nídìí bí ó ṣe di ọ̀rọ̀ Bíbélì wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi í tú, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ oníwàásù ti ṣìnà.

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà ni "ethnē". Orílẹ̀-èdè ni ìtumọ̀ rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni àwọn tó tú Májẹ̀mú Láéláé sí Gíríìkì fi dípò "gōyim" ti Hébérù, orílẹ̀-èdè sì ni gōyim náà. "Gōy" ni Ọlọ́run lò nígbà tó ṣèlérí fún Ábúráhámù nínú Jẹ́nẹ́sísì 12:2 pé yóò sọ ọ́ di orílẹ̀-èdè ńlá. "Gōy" kan náà ló wà nínú Ẹ́kísódù 19:6, níbi tí Ísírẹ́lì ti jẹ́ orílẹ̀-èdè mímọ́. Kò sí èébú níbẹ̀. Ìgbà tí Ísírẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í pe gbogbo àwọn tó kù ni ó di "àwọn tí kì í ṣe àwa".

Bíbélì Yorùbá wa wá tú ethnē ní ọ̀nà méjì. Nínú Mátíù 28:19, a rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn sí gbogbo orílẹ̀-èdè. Nínú Ìfihàn 7:9, gbogbo orílẹ̀-èdè ló dúró níwájú ìtẹ́. Ṣùgbọ́n nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 11:18, àwọn Kèfèrí ni a fún ní ìrònúpìwàdà. Nínú Lúùkù 2:32, Kèfèrí ni ìmọ́lẹ̀ ń tàn fún. Nínú Róòmù 11:13, Pọ́ọ̀lù pe ara rẹ̀ ní àpọ́sítélì àwọn Kèfèrí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni nínú Gíríìkì. Ìtumọ̀ méjèèjì ló tọ́, àwa kò sì dá àwọn baba wa lẹ́bi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí a bá ka "orílẹ̀-èdè", a máa ń rí ara wa níbẹ̀. Nígbà tí a bá ka "Kèfèrí", aládùúgbò wa ni a ń rí. Bẹ́ẹ̀, bí Pọ́ọ̀lù bá wọ Ìkòròdú lónìí, tó ní kí àwọn Kèfèrí na ọwọ́ sókè, bíṣọ́ọ̀bù, pásítọ̀, díákónì àti gbogbo akọrin ni yóò na ọwọ́. Kò sí Júù láàárín wa.

Àwọn kan yóò sọ pé Pọ́ọ̀lù lò ó nígbà mìíràn bí ohun àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí 1 Kọ́ríńtì 12:2, níbi tó ti ń rán wọn létí ìgbà tí wọ́n jẹ́ Kèfèrí tí wọ́n ń tẹ̀lé òrìṣà tí kò lè sọ̀rọ̀. Òtítọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà ní apá méjì lẹ́nu rẹ̀: apá kan ń sọ ìran ẹni, apá kejì ń sọ ìwà tí ènìyàn fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú apá kejì náà pàápàá, àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ nínú ìjọ ló ń sọ ọ́ fún, nípa ara wọn. Nínú Éfésù 2:11, ó tún fi hàn pé ó mọ̀ pé èébú wà ní àyíká ọ̀rọ̀ náà, nítorí ó ní àwọn kan tó ń pe ara wọn ní Ìkọlà ló ń pe àwọn ará Éfésù ní Aláìkọlà. Ó sọ orúkọ náà, ó sì tọ́ka sí ẹnu tí ó ti jáde. (Ọmọ ìjọ kan bi wá léèrè rí bóyá ilà ojú ni Gòláyátì kò kọ tí Dáfídì fi bú u. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni: èébú kì í rọrùn láti tú.)

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí bá. Gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù ló ní tirẹ̀. Èdè Látìn ní "paganus", láti ara "pagus", ìgbèríko. Ará oko ni paganus. Àwọn ọmọ ogun Róòmù tún máa ń fi í pe ẹni tí kì í ṣe ológun. Ní ọ̀rúndún kẹrin, àwọn Kristẹni wá ń fi í pe ẹni tí kò gba Kristi, láti ibẹ̀ sì ni "païen" ti èdè Faransé àti "pagan" ti Gẹ̀ẹ́sì ti wá. Èdè Faransé tún fa "paysan" yọ láti inú pagus kan náà, àgbẹ̀ lásán sì ni ìyẹn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé Rọ́ṣíà, ó di "pogany", ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun ẹlẹ́gbin, ohun ìríra. Ará oko, aláìgbàgbọ́, ẹlẹ́gbin: ẹ wo bí èébú ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn.

"Heathen" ti Gẹ̀ẹ́sì àti "Heide" ti Jámánì náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ so wọ́n mọ́ "heath", pápá gbalasa tí kò sí ìlú níbẹ̀. Bíbélì èdè Gọ́ọ̀tì, tí Bíṣọ́ọ̀bù Wulfila tú ní ọ̀rúndún kẹrin, ni ibi àtijọ́ jù lọ tí a ti rí irú ọ̀rọ̀ náà, "haithno", nínú Máàkù 7:26. Ta ni wọ́n fi í pè? Obìnrin ará Sirofonísíà tó wá bẹ Jésù nítorí ọmọbìnrin rẹ̀. Gíríìkì pè é ní Héléènì, Wulfila pè é ní haithno. Obìnrin yìí kan náà ni Mátíù 15:28 sọ pé Jésù yìn fún ìgbàgbọ́ ńlá rẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti mọ èyí, kò tún rọrùn fún wa mọ́ láti sọ pé a mọ ohun tí kèfèrí jẹ́.

Ìbátan kèfèrí fúnra rẹ̀ sì tún wà káàkiri. Àwọn atukọ̀ Pọtogí gbọ́ kāfir lẹ́nu àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí ní etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì rò pé orúkọ ènìyàn dúdú ni. Ó di "cafre". Àwọn Sípéènì ń fi í pe oníwàkuwà títí dòní. Àwọn Dọ́ọ̀ṣì tó tẹ̀dó sí Cape ní 1652 sọ ọ́ di "kaffer", ó sì wá di èébú tó burú jù lọ fún ènìyàn dúdú ní Gúúsù Áfíríkà. Àwọn ènìyàn níbẹ̀ kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ tán mọ́. Ní 2018, ilé ẹjọ́ kan rán obìnrin kan lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí pé ó fi ọ̀rọ̀ yìí bú ọlọ́pàá léraléra. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú Bíbélì àwa ni o, tí a ń kà níwájú àwọn ọmọdé. Àmọ́ ní erékùṣù Réunion, tó wà lábẹ́ Faransé nínú Òkun Íńdíà, àwọn ọmọ àwọn ẹrú gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ni wọ́n ń rántí bí a ṣe fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀ ní 1848, "Fèt Kaf" ni wọ́n sì ń pe ọjọ́ ayọ̀ náà, ọdún àwọn Kaf.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó wá láti Ẹ̀pẹ́ ló máa ń yé jù lọ nígbà tí a bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní 1851 tí wọ́n sì lé Ọba Kòsọ́kọ́, Ẹ̀pẹ́ ni ó sá lọ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú wọn. Ní 1854 ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn níbẹ̀, ní 1862 ó padà sí Èkó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dúró. Àwọn ọmọ wọn ni à ń pè ní Èkó-Ẹ̀pẹ́, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbógun ti Ìjẹ̀bú ní 1892, láti Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti gbéra. Lẹ́yìn ogun náà ni ẹ̀sìn Kristi àti Ìsìláàmù wá gbilẹ̀ kíákíá ní gbogbo Ìjẹ̀bú. Nítorí náà, ní Ẹ̀pẹ́, kò ṣọ̀wọ́n kí ìyá jẹ́ Alhaja, kí ọmọ jẹ́ pásítọ̀, kí àbúrò bàbá sì máa tọ́jú ojúbọ.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí dìde nínú kíláàsì, ó ní ọjọ́ tí òun ṣèrìbọmi, ìyá òun sunkún, ó ní, "Ọmọ mi ti di kèfèrí." Ó ní òun kò gbàgbé ohùn ìyá òun. Ó wá dákẹ́ díẹ̀, kó tó sọ pé nínú ìwàásù ìdánwò tí òun ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun lo ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin fún àwọn ará ilé ìyá òun. A ti gbọ́ ìwàásù náà. A ti fún un ní máàkì tó dára.

(Ohun kan tó ń pa wá lẹ́rìn-ín ni pé àwọn Mùsùlùmí tó tú Kùránì sí Yorùbá máa ń lo "aláìgbàgbọ́" fún kāfir. Àwọn mú ọ̀rọ̀ Yorùbá, àwa di ọ̀rọ̀ Lárúbáwá mú gírígírí.)

Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi wá ni pé, ṣé kí a wá máa pe ìbọ̀rìṣà ní ohun rere ni? Rárá. Bí ènìyàn bá ń bọ òrìṣà, kí a sọ pé ó ń bọ òrìṣà. Òun fúnra rẹ̀ kò ní jiyàn. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí a sọ ohun tí ènìyàn ń ṣe àti kí a fún un ní orúkọ ẹ̀gàn. Ẹ wo Pọ́ọ̀lù ní Áténì. Ìṣe 17:16 sọ pé ẹ̀mí rẹ̀ rú nínú rẹ̀ nígbà tó rí i pé òrìṣà kún ìlú náà. Bí ẹ̀mí tiwa ti rú nìyẹn ní oríta Ìkòròdú. Ṣùgbọ́n nígbà tó ya ẹnu ní ẹsẹ 22, ó pe wọ́n ní ará Áténì, ó sì sọ pé òun rí i pé wọ́n fọwọ́ pàtàkì mú ọ̀ràn ẹ̀sìn. Kò pè wọ́n ní orúkọ kankan. Èyí tó tún yà wá lẹ́nu jù wà ní Éfésù, Ìṣe 19:37. Rúkèrúdò ti ṣẹlẹ̀, ọjà àwọn tó ń rọ ère ti bàjẹ́ nítorí ìwàásù Pọ́ọ̀lù, síbẹ̀ akọ̀wé ìlú, tí kì í ṣe onígbàgbọ́, jẹ́rìí níwájú gbogbo èrò pé àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kò sọ ọ̀rọ̀ òdì sí òrìṣà ìlú. Ìyẹn ni pé ìwàásù lè mú kí àwọn ènìyàn fi òrìṣà sílẹ̀ débi tí owó àwọn alágbẹ̀dẹ ère fi dínkù, láìjẹ́ pé a bú ẹnikẹ́ni. Mélòó nínú wa ni akọ̀wé ìlú Ìkòròdú lè jẹ́rìí bẹ́ẹ̀ fún?

Olúwa wa fúnra rẹ̀ sì ti sọ̀rọ̀ lórí èébú nínú Mátíù 5:22. Àwọn olùtumọ̀ fi "Ráka" sílẹ̀ láìtú. Ọ̀rọ̀ Árámáíkì ni, ó sún mọ́ "olórí òfìfo" tí a máa ń sọ nílé. Èébú tí kò le ni, irú èyí tí awakọ̀ ń sọ sí awakọ̀ lójoojúmọ́. Ó gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀.

Lẹ́yìn tí gbogbo èyí ti yé wa, a padà lọ kí bàbá. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án. Etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti ń lọ sí ìjọ mìíràn ló ń bá wa sọ ọ́ sí i létí. A ní a wá dáhùn ìbéèrè rẹ̀: àwọn tó pè é bẹ́ẹ̀ ní kékeré ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá, àwa sì gbà á lọ́wọ́ wọn, nínú ìwé tiwa, àwa gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ń pè, àwa àti òun. A sì tọrọ àforíjì. Ó bèèrè lẹ́ẹ̀mejì, "Àwa àti ẹ̀yin?" Ọmọ rẹ̀ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé omi wá fún pásítọ̀. Kò gba Jésù lọ́jọ́ náà. Ó ní kí a máa wá.

Ó ku ibì kan tí àwọn òjíṣẹ́ yóò fẹ́ bi wá, Mátíù 18:17, tí àwọn ìgbìmọ̀ ìbáwí máa ń kà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọmọ ìjọ: kí ó dà bí kèfèrí àti agbowó òde sí ọ. Ọ̀pọ̀ ìjọ ló ti lo ẹsẹ yìí láti fòfin de ìkíni, láti má lọ sí ìsìnkú, láti má jẹun pọ̀ pẹ̀lú ẹni tí a bá wí. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Mátíù ni orúkọ tí ìwé náà ń jẹ́, agbowó òde sì ni Mátíù. Ní orí 8 ìwé kan náà, ọ̀gá ọmọ ogun Róòmù kan, kèfèrí, wá sọ́dọ̀ Jésù. Jésù ní òun yóò lọ sí ilé rẹ̀. Ní orí 9, ó jókòó jẹun pẹ̀lú àwọn agbowó òde. Ní orí 15, ó dá obìnrin Kénáánì lóhùn. Ìgbìmọ̀ tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń ṣe sí ẹni tó dà bí kèfèrí, orí mẹ́ta yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà kí wọ́n tó kọ lẹ́tà.